Bàbá Bàṣé àti Fọ́láǹ Tó Fúyẹ́

Nígbà tí a sin bàbá mi àgbà tán, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ fún mi pé bàbá ti lọ sinmi. Mo ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé, Ọlọ́run á dá yín sí, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ta ló sọ fún wọn pé ó fẹ́ sinmi? Ọkùnrin tí mo mọ̀ kì í sinmi lọ́jọ́ ọjà, kì í sinmi lọ́jọ́ ọdún, bí ibà bá sì dá a dúbúlẹ̀, fèrèsé ló máa ń kọjú sí kó lè máa gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń kọjá. Lẹ́yìn tó ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tán, ohun kan ṣoṣo ló tún ń fẹ́ láyé: kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó sọ ọ́ létí gbogbo wa. Kò rí i bẹ́ẹ̀. Kí ikú tó dé ni ọkọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ la sì bá a ṣe é tó fi bọ́.

Èmi ni Àdùkẹ́, ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀. Ilé rẹ̀ ní Pobẹ̀, ìlú Yorùbá tó wà lábẹ́ Faransé nígbà kan, ni mo ti dàgbà, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ránṣọ títí di òní, nínú yàrá iwájú tó kọjú sí títì. N kò fẹ́ ka ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn tó mọ ọdún tí wọ́n bí i gan-an ti kú ṣáájú rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó ohun tí mo rántí jọ kí n tó gbàgbé bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Bàbá Bàṣé ni gbogbo Pobẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Sakété ń pè é. Bàṣé ni àwa níbí ń pe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ayé àtijọ́, èyí tí imú rẹ̀ gùn, tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n sì to bẹ́ǹṣì pákó sábẹ́ tapólì náà fún èrò. Nígbà kan, òun ló kún gbogbo ojú ọ̀nà wa. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tó ni ín ta tiwọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ti bàbá nìkan ló wá kù. Àwọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ búlúù rí. Iná iwájú rẹ̀ kan ń tàn, èkejì ṣì ń rò ó wò. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ èrò kò ṣeé ṣí láti ìta, àfi tí bàbá bá na apá kọjá ìjókòó, tó sì gbá a láti inú. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò já a kulẹ̀ rí, bàbá kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó ń fi ọkọ̀ tuntun yangàn lójú títì gbàgbé èyí.

Ohun tó le jù lára ọkọ̀ náà ni fọ́láǹ rẹ̀, ìyẹn rìbìtì tí awakọ̀ ń dì mú láti fi yí ọkọ̀. Ó tóbi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wúwo. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá èèyàn yí i, agbára apá lásán ni. Géńdé ọkùnrin kan tó ń wa kàmíọ̀n, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, wá sílé wa lọ́jọ́ kan, ó ní kí bàbá jẹ́ kí òun gbé bàṣé náà jáde láti inú ọgbà. Bàbá jù kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì lọ jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkùnrin náà fà á sọ́tùn-ún, ó fà á sósì, òógùn bò ó, ẹnu ọ̀nà ọgbà ló sì dúró sí pẹ̀lú imú ọkọ̀ tó kọjú sí ògiri. "Bàbá, ọkọ̀ lèyí àbí ọlọ?" ló bi í bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó ń bi ọ́ bóyá o mọ ibi tí ò ń lọ ni."

Ó fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ bí àwọn obìnrin kan ṣe fẹ́ràn irun wọn. Kó tó wọ ọkọ̀ láàárọ̀, á fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ méjèèjì dé ìgúnpá, á nù wọ́n gbẹ, kò sì ní fi ọwọ́ kan òróró mọ́ títí á fi padà dé. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Tọ́ńtọ̀n, ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnù. Ó ra ìbòrí fọ́láǹ kan wá fún un lọ́jọ́ ọdún kan, awọ tó rọ̀ dáadáa, kí ọwọ́ má bàa máa ta á. Bàbá gbà á, ó ṣàdúrà fún un, ó fi bo fọ́láǹ náà lójú wa. Nígbà tí Tọ́ńtọ̀n padà sí Kútọnù, ó bọ́ ọ kúrò, ó sì gbé e fún ìyá mi àgbà, ìyẹn ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ lé e. Mo bi í pé kí ló dé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di etí mi méjèèjì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó le bí pákó, ó ń yanu sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun kankan. Ó ṣí wọn, ó ní, "Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

Òfin kan wà nínú ọkọ̀ rẹ̀: ẹni tó bá jókòó níwájú gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba tàbí ọ̀rọ̀ ẹbí o. Ohun tó bá ń rí lọ́nà ló gbọ́dọ̀ máa sọ. Ìyá mi àgbà, tó jẹ́ ọmọ Sakété, ló ni ìjókòó yẹn nígbà ayé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dúró láti Pobẹ̀ títí wọ́n á fi dé ọjà. "Àkànní, wo àwọn ewúrẹ́ yẹn lápá ọ̀tún. Sẹ́mì kan ń bọ̀, èrò ti pọ̀ jù lẹ́yìn ẹ̀, wo bó ṣe ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Obìnrin kan sá ẹ̀gẹ́ sétí ọ̀nà níwájú, rọra o." Sẹ́mì ni àwọn ọlọ́kadà akérò wa. Àwa tí a wà lẹ́yìn láàárín àpò gààrí a máa fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́, a ní rédíò ni bàbá gbé síwájú. Bàbá náà á díbọ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú, á ní, "Ṣé ẹnu rẹ kì í rẹ̀ ẹ́ ni?" Ṣùgbọ́n tí ìyá bá dákẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ á falẹ̀, ohùn bàbá á sì rọ̀. "Sọ̀rọ̀ jàre. Ọkọ̀ mi kì í gbé odi."

Ìjà àwọn méjèèjì kò ju ti ọjọ́ Ìsinmi lọ. Ìjọ aláṣọ funfun kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ni ìyá ń lọ, ó ń wọ sùtánà, ó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ilé ìsìn. Bàbá kò lọ ibì kankan. Epo pupa díẹ̀ ló máa ń ta sílẹ̀ níwájú táyà bàṣé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló kù nínú ẹ̀sìn baba rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ gbé ìyá lọ, á sì dúró sínú ọkọ̀ títí ìsìn á fi parí, bí ó ti wù kó pẹ́ tó. Ìyá á ní, "Àkànní, wọlé wá jókòó, oòrùn ń pa ọ́." Bàbá á ní, "Ọlọ́run rẹ mọ ọkọ̀ mi. Tó bá fẹ́ rí mi, kó jáde wá."

Òun àti àwọn èrò rẹ̀ náà ní ìjà tiwọn, lórí ọ̀nà. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe títì tó ti Pobẹ̀ lọ sí Sakété, ó sì tẹ́jú. Nígbà tó yá, bàbá kò gba ibẹ̀ mọ́. Ọ̀nà ilẹ̀ tó gba inú oko, tó ń já sí ìhà Takon, ló ń gbà, pẹ̀lú gbogbo kòtò àti eruku rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń kó gààrí pẹ̀lú rẹ̀ bínú. Wọ́n ní eruku ń wọ àpò àwọn, wọ́n ní ìdí ń dun àwọn. Àwa nílé rò pé ó ń sá fún àwọn sáńdáámù, àwọn ọlọ́pàá tó máa ń dúró lójú títì ni, nítorí iná ọkọ̀ tó ń rò ó wò. Obìnrin kan tó ti bá a kẹ́rù pẹ́ sọ ọ́ sí i lójú pé, "Bàbá, ẹ̀rù sáńdáámù ń bà yín, ẹ sọ òtítọ́." Bàbá kò bínú. Ó ń to àpò ẹ̀ sábẹ́ tapólì. Ó ní, "Ọ̀dà kì í sọ̀rọ̀, ìyá. Ilẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

Àwa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà la kà á sí.

Nígbà tí ìyá mi àgbà kú, Sakété ni wọ́n ní kí a gbé e lọ, kí àwọn ará ìjọ rẹ̀ lè sin ín. Tọ́ńtọ̀n fẹ́ gba ọkọ̀ tó ń gbé òkú láti Àjàṣẹ́. Bàbá kọ̀. Bàṣé ni yóò gbé e, òun ni yóò sì wà á. A tẹ́ ẹní sẹ́yìn, a gbé pósí lé e, àwọn arábìnrin ìjọ méjì jókòó tì í nínú aṣọ funfun. Bàbá ní kí n wá jókòó níwájú. Mo jókòó sórí ìjókòó ìyá, ó ṣì ń rùn bí òróró ìpara rẹ̀, ẹkún sì gbé mi. A ò tíì jáde ní Pobẹ̀ tí bàbá fi ní, "Àdùkẹ́, kí lo rí?" Mo fi etí aṣọ nu ojú. Ó tún bi mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sunkún." Mo wò ó, ojú rẹ̀ gbẹ, ó di fọ́láǹ mú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó na ọrùn síwájú. Mo rò nínú ara mi pé ọkàn ọkùnrin yìí le o. Ó ní, "Sunkún, ṣùgbọ́n máa sọ ohun tí o bá rí."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sunkún, tí mo sì ń ka ewúrẹ́ àti sẹ́mì àti ọmọ iléèwé fún un títí a fi dé Sakété.

Lẹ́yìn ikú ìyá, kò gbé èrò mọ́. Àpò gààrí àti àgbàdo nìkan ló ń kó, kì í sáré, ọ̀nà oko yẹn nìkan ló sì ń gbà. Èmi ló sábà máa ń jókòó tì í lọ́jọ́ ọjà, nítorí Sakété ni mo ti ń ra okùn àti bọ́tìnnì. Nígbà yẹn ni èjìká ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó dé ibi pé, tí ó bá fẹ́ yí ọkọ̀ níbi kọ́nà, á gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, á fi gbogbo ara tẹ fọ́láǹ. Lọ́jọ́ kan, kò lè yí ọkọ̀ wọ inú ọgbà. Ó fi í sílẹ̀ sójú títì, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò rí i. Nígbà tí Tọ́ńtọ̀n gbọ́, ó wá láti Kútọnù, ó ní kí bàbá ta ọkọ̀ náà, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Wọ́n pariwo mọ́ra wọn débi pé mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ẹ ti darúgbó, Bàbá! Apá yín ò gbé e mọ́!" Bàbá dìde lórí àga. "Ọjọ́ tí o bá gbọ́ pé mo wọ sẹ́mì lọ sí Sakété, kí o máa bọ̀ wá gbẹ́ ilẹ̀."

Tọ́ńtọ̀n kò fà á mọ́. N kò ní purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n màmá mi: ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ó padà sí Kútọnù, ó wádìí, ó sì gbọ́ pé èèyàn lè gbé fọ́láǹ tuntun sínú ọkọ̀ àtijọ́, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń bá awakọ̀ yí. Ó ra gbogbo ohun tí wọ́n nílò lára ọkọ̀ àlòkù kan tó ti òkè òkun dé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Dòsú, mẹkáníkì kan tó jẹ́ Ẹ̀gùn, tó ní gáráàjì ní Sakété. Nígbà tó pe bàbá lórí fóònù, mo rò pé ìjà tún dé. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gbìyànjú láti gbé e sókè orí, kò lè gbé e. Ó ní, "Ṣé màá ṣì lè wà á fúnra mi?" Tọ́ńtọ̀n ní ìka kan ni yóò máa fi yí i. Bàbá ní, "Dákọ̀, mo gbà. Ẹ bá mi ṣe é."

Dòsú fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ó yọ àpótí irin ńlá tó wà nísàlẹ̀ fọ́láǹ, èyí tí eyín inú rẹ̀ ti jẹ tán, ó sì fi èyí tó wá láti Kútọnù rọ́pò rẹ̀. Ó jó irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì láti so pọ́ǹpù mọ́ ọn, pọ́ǹpù yẹn ló ń ti òróró sínú fọ́láǹ kó lè fúyẹ́. Ó pààrọ̀ gbogbo oríkèé tó so táyà iwájú mọ́ fọ́láǹ. Ó fi amọ́títísẹ́ẹ̀ tuntun sí i, àwọn irin tó ń gbé ọkọ̀ kí ó má bàa máa fò nínú kòtò, ó fi ọ̀pá irin tó nípọn sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa máa fì ní kọ́nà, ó sì fi táyà tó fẹ̀ sí i. Nígbà tí a lọ gbà á, ó dúró ṣánṣán bí ọkọ̀ ìyàwó. Dòsú tan ẹ́ńjìnnì. "Dáà, ẹ wọlé." Dáà ni àwọn Ẹ̀gùn ń pe àgbà. Bàbá fi ìka kan yí fọ́láǹ láti òpin kan dé òpin kejì, gbogbo àwọn tó wà nínú gáráàjì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé etí sílẹ̀ bí ẹni tó pe ẹnì kan tí ẹni náà kò dáhùn. Ó ní, "Dòsú, ó dà bí ẹni pé n kò di nǹkan kan mú." Dòsú rẹ́rìn-ín. "Wàlá, Dáà! Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ọ̀sán gangan la kúrò ní Sakété. Mo jókòó síwájú, mo ń sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin: ọ̀pẹ lápá òsì, àwọn ọmọ tó ru omi, kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n di igi sí lẹ́yìn. Ọkọ̀ náà ń yọ̀ lọ. Kòtò tó máa ń gbé wa sókè tẹ́lẹ̀, a ò mọ ìgbà tí a kọjá rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní, "Bàbá, ó dà bí ẹni pé orí ẹní la wà." Ó na ọrùn síwájú. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Àdùkẹ́, tí a bá dé ibi tí ilẹ̀ ti dúdú, kí o sọ fún mi." Ilẹ̀ pupa ni ti ìhà Sakété, ilẹ̀ dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ táyà ni ti ìhà Pobẹ̀, ọ̀dọ̀ àwa Ọhọri, ẹ̀yà Yorùbá tiwa. Mo ní, "Bàbá, a ti wà nínú ẹ̀ tipẹ́."

Mo rí i tí ara rẹ̀ le. Ó fa fọ́láǹ díẹ̀, bó ṣe máa ń fà á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ náà sì yí gbirigbiri kúrò lójú ọ̀nà. Mo pariwo. Igi ẹ̀gẹ́ ń ṣẹ́ lábẹ́ wa, tapólì ń ya. Bàbá tẹ bíréèkì, a dúró. Níwájú imú ọkọ̀, ní ibi tí ọwọ́ lè tó, obìnrin kan dúró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ àti ọmọ lẹ́yìn. Kò sá, jìnnìjìnnì ti dè é mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló figbe ta. "Yéè! Bàbá, ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ ò rí mi ni?"

Bàbá yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì. Obìnrin náà wà ní iwájú rẹ̀ gan-an, oòrùn mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bàbá mi àgbà kò ríran.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ imú ọkọ̀ lọ títí ó fi dé iwájú obìnrin náà, ó sì kúnlẹ̀ nínú ebè ẹ̀gẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó bi í léèrè orúkọ ọmọ náà. Obìnrin náà kò dárúkọ ọmọ, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ọmọ náà ń sunkún pẹ̀lú. Bàbá padà wá, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára ọkọ̀, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀nà wà nínú fọ́láǹ tẹ́lẹ̀. Tí táyà bá gun etí ọ̀nà, á fà mí lọ́wọ́. Tí a bá dé ilẹ̀ dúdú, á wúwo. Níbi afárá, á gbọ̀n. Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀. Lónìí, kò sọ nǹkan kan fún mi." Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó ń jí mi lójú oorun títí di òní: "Ìyá àgbà rẹ mọ̀. Ẹ̀yin ni n kò fẹ́ kí ẹ mọ̀."

Dòsú ló wá wa ọkọ̀ náà délé, a sì gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Àjàṣẹ́. Dókítà sọ̀rọ̀ pẹ́ ní Faransé, mo sì ń túmọ̀. Ó ní iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú orí ló ti kú láti etí wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní ká ní ó tètè wá, òun ì bá dá díẹ̀ sí. Nísinsìnyí, kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ. Bàbá ní kí n bá òun kí dókítà náà dáadáa, nítorí pé kò purọ́ fún òun.

Ẹni tó bá ka èyí á ní ó dára bẹ́ẹ̀, afọ́jú kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀. Mo mọ̀. Obìnrin yẹn àti ọmọ rẹ̀ wà láàyè, mo sì ń dúpẹ́. Mo tún mọ̀ pé tí fọ́láǹ àtijọ́ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí ẹni tó máa dúpẹ́. Mo ti sọ gbogbo èyí fún ara mi, kò sì tù mí nínú rárá. Tọ́ńtọ̀n kò tiẹ̀ lè sọ ọ́. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá fọwọ́ kàn án lórí, ó ní, "O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Ó fúyẹ́ lóòótọ́."

Ohun kan ló bẹ̀ wá fún. Ó ní òun kò ní wa ọkọ̀ náà jáde mọ́ láéláé, kí wọ́n ṣáà dá fọ́láǹ òun padà sínú ẹ̀, kí òun lè máa jókòó tì í nínú ọgbà. Mo lọ bá Dòsú fún un. Dòsú káwọ́ lérí. Àpótí irin àtijọ́ yẹn ti bá àwọn tó ń ra irin lọ, wọ́n ti fi òòlù fọ́ ọ, wọ́n ti kó o lọ pẹ̀lú àwọn irin mìíràn. Irú rẹ̀ kò sí ní Sakété mọ́, kò sí ní Àjàṣẹ́. Tọ́ńtọ̀n wá gbogbo Kútọnù kiri. Nígbà tí mo padà sọ fún bàbá, ó ní, "Bọ̀n, ó ti dáa." Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó ń gbẹ, a ń wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ sínú ọkọ̀. Mo mú un, mo sì jókòó tì í. Kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò tàn. Ó di fọ́láǹ mú, ó yí i, mo sì gbọ́ bí táyà ṣe lọ yanrìn abẹ́ rẹ̀. Kò yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, pọ́ǹpù kò ní ti òróró, agbára apá nìkan ló kù, bó ṣe wà láyé àtijọ́. Bàbá gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó ń mí gúlegúle. Ayọ̀ kan sọ nínú mi, mo rò pé a ti rí nǹkan díẹ̀ dá padà fún un. Mo ní, "Bàbá, ó wúwo, àbí? Ó wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀!"

Ó tún yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dúró, ó ń dúró de nǹkan. Lẹ́yìn náà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ó wúwo, Àdùkẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà nínú ẹ̀."

Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n fà á sọ̀kalẹ̀.